Kí ni ìpọ́njú ẹ̀rí-ọkàn tó ń bá àwọn nọ́ọ̀sì ICU fínra?

Ẹ jẹ́ ká sọ pé nọ́ọ̀sì kan wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ní ICU, wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó wà láàrin ikú àti ìyè. Ó mọ oògùn tí aláìsàn nílò, ó sì mọ̀ ọ́n lò. Ṣùgbọ́n àwọn mọ̀lẹ́bí ò tíì rówó ẹ̀ san. Kí ló fẹ́ ṣe?

Ohun tó ń jẹ nọ́ọ̀sì yìí lọ́kàn là ń pè ní ìpọ́njú ẹ̀rí-ọkàn: kéèyàn mọ ohun tó tọ́, kí nǹkan tó ju agbára ẹ̀ lọ má sì jẹ́ kó ṣe é. Ọ̀mọ̀wé Andrew Jameton ti Amẹ́ríkà ló ṣàlàyé ẹ̀ nínú ìwé tó kọ nípa iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́dún 1984.

Kì í ṣe àárẹ̀ lásán. Téèyàn bá sùn dáadáa, àárẹ̀ á lọ. Èyí máa ń bá èèyàn délé ni.

Kí ló ń fà á?

Owó: Ní Nàìjíríà, àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sanwó ìtọ́jú. Tówó bá tán, ojú nọ́ọ̀sì ló máa ń ṣe.

Ìtọ́jú tí kò lérè mọ́: Àwọn àgbà ní àìsàn ló ṣeé wò, kò sẹ́ni tó rí ikú wò. Nígbà míì, ẹ̀rọ ló ń bá aláìsàn mí, gbogbo àmì sì ti fi hàn pé kò lè bọ̀ sípò mọ́, síbẹ̀ wọ́n á ní kí ìtọ́jú máa lọ. Nọ́ọ̀sì ló ń gún un lábẹ́rẹ́, òun ló ń rí ìrora ẹ̀.

Àìtó òṣìṣẹ́: Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ọ̀sì kan ló yẹ kó máa tọ́jú aláìsàn kan tó wà lórí ẹ̀rọ. Nígbà tí Kòrónà dé lọ́dún 2020, àwọn aláṣẹ gbà kí nọ́ọ̀sì ICU kan máa bójú tó èèyàn 6, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ míì tó ń ràn án lọ́wọ́.

Báwo ló ṣe kan aláìsàn?

Nọ́ọ̀sì tọ́kàn ẹ̀ ti gbọgbẹ́ lè máa sá sẹ́yìn. Á ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ, á kọ ìwé, ṣùgbọ́n kò ní dúró bá mọ̀lẹ́bí sọ̀rọ̀. Ó lè rí àṣìṣe kó dákẹ́. Kì í ṣe pé kò láàánú. Ọkàn ẹ̀ ló ń dáàbò bo ara ẹ̀. Àwọn míì á fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹrù á wá wọ àwọn tó kù lọ́rùn.

Kí ni ṣíṣe?

Ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì ICU ní Amẹ́ríkà, AACN, la ìgbésẹ̀ 4 sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì: bi ara ẹ léèrè bóyá òun ló ń ṣe ẹ́, gbà pé òótọ́ ni, wo ibi tó ti wá, kí o sì ṣe nǹkan sí i. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Ó yẹ kí ilé ìwòsàn máa tètè pe dókítà, nọ́ọ̀sì àti mọ̀lẹ́bí jọ, kí nọ́ọ̀sì sì lè sọ tẹnu ẹ̀ láìbẹ̀rù.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, tẹ́ ẹ bá ní èèyàn ní ICU, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ibi tí ìtọ́jú náà ń lọ. Ẹ sì tètè wọ ètò adójútòfò ìlera, tí òfin ọdún 2022 sọ di dandan ní Nàìjíríà, káìsàn tó dé. Bówó bá wà nílẹ̀, nọ́ọ̀sì á lè ṣe ohun tó mọ̀ pé ó tọ́.