Àìtó Kì Í Ṣe Àìníyì: Ìtàn Àjàyí Crowther fún Àwọn Onígbàgbọ́ Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Ẹ̀yin ará wa nínú Olúwa, ọ̀rọ̀ tí àwa fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì. Ọ̀pọ̀ Onígbàgbọ́ ni ó wà ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ yìí, láti Ìkòyà dé Òde-Ìrèlè, láti Igbótako dé Òkìtìpupa, tí wọ́n ń wá sí ilé Ọlọ́run ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi, tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n sì ń dáwó, ṣùgbọ́n tí wọ́n ti gbà nínú ọkàn wọn pé àwọn kò jámọ́ nǹkan. Ẹnìkan ń tijú láti dìde ka ẹ̀kọ́ Bíbélì, nítorí ahọ́n Ìkálẹ̀ ni ahọ́n rẹ̀, Yorùbá tí a fi kọ Bíbélì sì súnmọ́ ti Ọ̀yọ́ àti ti Ẹ̀gbá ju ti ilé bàbá rẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn fi owó epo pupa rán ọmọ níwèé. Ọmọ di ọ̀mọ̀wé, bàbá sì fà sẹ́yìn nínú ìjọ nítorí pé òun kò mọ ìwé. Obìnrin kan ń ṣe púpurú tà lọ́jà, bí a bá pè é sí iṣẹ́ kan nínú ìjọ, èsì rẹ̀ ni pé, “Ta ni èmi?”

Àwa kò ní bá irú àwọn bẹ́ẹ̀ wí, nítorí àwọn tí ó tóbi jù wá lọ ti béèrè ohun kan náà rí. Mósè wí pé ahọ́n òun wúwo. Gídíónì wí pé ìdílé òun ni ó kéré jù ní ẹ̀yà rẹ̀. Jeremíà wí pé ọmọdé ni òun. Ẹ kíyèsí i pé Ọlọ́run kò sọ fún ẹnìkan nínú wọn pé ó tó iṣẹ́ náà. Ohun tí Ó sọ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni pé Òun yóò wà pẹ̀lú wọn. Nípa èyí ni àwa ṣe rí i pé ohun méjì ni a máa ń dà pọ̀ mọ́ ara wọn: àìtó àti àìníyì. Kí ènìyàn mọ̀ pé òun kò tó iṣẹ́ kan, òtítọ́ lè ni. Kí ó wí pé nítorí náà òun kò ní iyì, irọ́ ni. Láti fi ìyàtọ̀ yìí hàn, àwa yóò sọ ìtàn ẹni tí ó ṣe olórí iṣẹ́ ìtúmọ̀ Bíbélì Yorùbá tí ń ba àwọn ẹlòmíràn lẹ́rù láti kà.

Ní ọdún 1821 ni ogun kó ìlú Òṣogùn. Ọmọkùnrin kan tí ó tó nǹkan bí ọmọ ọdún 13 wà nínú àwọn tí a so lókùn, òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Àjàyí ni orúkọ rẹ̀. Ní Ìṣẹ́yìn ni a ti yà á nípá kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, a sì fi í pààrọ̀ ẹṣin kan. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tí ó gbà á lọ́rùn. Ó dá ẹṣin padà, ó sì gba ọmọ padà. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará: a díwọ̀n ọmọ ènìyàn mọ́ ẹṣin, ọjà náà sì bàjẹ́. Lẹ́yìn èyí ó ń ti ọwọ́ olówó kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn, títí a fi tà á nígbà kan nítorí tábà àti ọtí. Ẹ̀rù bà á gidigidi pé a ó tà á fún àwọn Potogí, ó sì gbìyànjú lóru láti fi ọ̀já ìdí rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn pa. Ìgboyà rẹ̀ kò gbé e dé ibẹ̀. Òun tìkára rẹ̀ ni ó kọ ìtàn yìí sílẹ̀ ní ọdún 1837, nígbà tí ó ti di olùkọ́, kò sì fi í pamọ́.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1822 a kó o sínú ọkọ̀ ẹrú ní Èkó, àwọn 187 lápapọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Myrmidon ti mú ọkọ̀ náà, a sì kó wọn lọ sí ilẹ̀ Sàró. Níbẹ̀ ni Àjàyí ti kọ́ ìwé, níbẹ̀ ni ó sì ti gbọ́ ìhìnrere. Ó kọ ọ́ pé òun wá mọ̀ pé oko ẹrú mìíràn wà tí ó burú ju ti ìṣáájú lọ, èyí tí í ṣe ti ẹ̀ṣẹ̀, àti pé Kristi ni ó dá òun nídè kúrò nínú rẹ̀. A ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá, ọdún 1825, a sì pè é ní Samuel Crowther. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i kì í ṣe pé a fi owó lé iye tí a ń tà á tẹ́lẹ̀. A gbé e kúrò lórí àtẹ ni. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tí ó ra á kì í ṣe ẹni tí ń dá ọjà padà.

Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ kò sọ ọ́ di ẹni tí kò mọ àìtó mọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1844, lẹ́yìn tí a ti fi í jẹ àlùfáà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown fún àwọn tí a ti kó lẹ́rú bí tirẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé bí ó tilẹ̀ jẹ́ èdè ìyá òun, ó dà bí ẹni pé òun jẹ́ ìkókó tí ń kọ́ bí a ti ń fọhùn. Síbẹ̀ ó wàásù, àwọn ènìyàn náà sì fi èdè ara wọn dáhùn pé kí ó ṣẹ. Láti inú irú ìkólòlò bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ìtúmọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, tí òun àti àwọn ẹlòmíràn bíi Thomas King fi ṣe é, tí odindi Bíbélì fi jáde ní ọdún 1884. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ahọ́n yín ń kọsẹ̀ lórí Bíbélì yìí, ẹ mọ̀ pé ahọ́n ẹni tí ó ṣe é ti kọsẹ̀ ṣáájú yín.

Àwọn àgbà wa a máa wí pé: ẹrú kú, ìyá kò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, bẹ́ẹ̀ ni ẹrú ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, Crowther tún rí ìyá rẹ̀ Àfàlá, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ara wọn, ẹnu kò sì lè sọ ohun tí ó wà nínú ọkàn. Ní ọdún 1848 ọmọ rí i tí a ṣe ìrìbọmi fún ìyá, a sì pè é ní Hánnà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì. Obìnrin tí kò ní agbára láti dá ọmọ rẹ̀ dúró ní Ìṣẹ́yìn kò dẹ́kun láti jẹ́ ìyá fún ọjọ́ kan.

Nígbà tí Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ C.M.S., fẹ́ kí ó di Bíṣọ́ọ̀bù, Crowther kọ̀, ó ní òun kò yẹ. Àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó kan náà ti wí bẹ́ẹ̀. Henry Townsend ti Abẹ́òkúta kò fẹ́ kí ènìyàn dúdú jẹ Bíṣọ́ọ̀bù lórí òyìnbó. Bí ó bá ṣe pé lójú ènìyàn ni iyì Crowther wà ni, ì bá gba ti Townsend gbọ́, ì bá sì jókòó sílé. Ó jẹ́wọ́ àìtó rẹ̀, ó sì lọ. A yà á sí mímọ́ ní Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà, ọdún 1864.

Ẹ jẹ́ kí a sọ apá tí ó korò pẹ̀lú. Ní ọdún 1890, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì tí ó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró ní iṣẹ́ Odò Ọya, ní ìpàdé tí òun tìkára rẹ̀ wà, òun tí ó ti kọjá ọmọ 80 ọdún. A tún gbé e lé ìwọ̀n. Ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi Olúwa rẹ̀ sílẹ̀, ó sì sùn ní Èkó ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 1891. Òyìnbó ni a fi rọ́pò rẹ̀. Ní ọdún 1893 a fi Isaac Oluwole àti Charles Phillips jẹ Bíṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n olùrànlọ́wọ́ ni a fi wọ́n ṣe. Síbẹ̀ Phillips, ẹni tí ó ti wà ní Oǹdó, aládùúgbò wa, láti ọdún 1877, kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí oyè tí kò pé. Ní ọdún 2014, nígbà tí a ń ṣe ìrántí 150 ọdún ìyàsímímọ́ Crowther, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury, Justin Welby, tọrọ àforíjì nítorí ohun tí a ṣe sí i. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iyì ọkùnrin náà bá ń dúró de àforíjì yìí, ì bá ti dúró fún ọdún 122 nínú ibojì.

Kí ni èyí kọ́ wa? Àìtó a máa rán ènìyàn lọ sí ilé ẹ̀kọ́, sí orí eékún, àti sọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ ju òun lọ. Àìníyì a máa rán an lọ sí ìdí okùn. Ẹni tí kò bá mọ ìwé, kí ó kọ́ ọ, àgbà kì í tijú ẹ̀kọ́. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́, kí ó bèèrè. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá ọjà dúnàádúrà lórí ẹni tí òun jẹ́, nítorí ọjà tí ó fi ènìyàn wé ẹṣin lánàá lè fi í wé tábà lọ́la.

Bí ẹnìkan nínú yín bá sì wà nínú irú òru tí Àjàyí wà, kí ó má ṣe dá gbé e. Kí ó sọ fún ìyàwó tàbí ọkọ, fún àlùfáà, fún dókítà, fún ọ̀rẹ́ tí ó ṣeé finú hàn. Àti ẹ̀yin tí a bá sọ fún, ẹ má ṣe fi í ṣe ẹ̀sín, ẹ má sì ṣe pè é ní aláìnígbàgbọ́. Ọmọ tí ó fi ọ̀já sí ọrùn lóru náà ni Ọlọ́run ń mú bọ̀ láti fi ọ̀rọ̀ Rẹ̀ sí ẹnu wa. Kí Olúwa fún wa ní ojú láti rí ara wa bí Ó ti rí wa, kí Ó sì fún wa ní ẹsẹ̀ láti lọ níbi tí Ó bá rán wa. Àmín.