Bí Amos Tutùọlá Ṣe Tú Ìtàn Sílẹ̀

Ó ṣòro láti dárúkọ òǹkọ̀wé ìtàn àràmàǹdà kan nílẹ̀ Yorùbá tí ọ̀nà ìkọ̀wé rẹ̀ fa àríyànjiyàn tó ti Amos Tutùọlá. Àwọn kan gbà pé ohun tí ó bá ṣáà ti sọ sí i lọ́kàn ni ó ń kọ sílẹ̀, pé kò gbèrò, kò sì wẹ̀yìn wò. Ẹ̀sùn yìí ní òtítọ́ díẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò rí i pé ó ti kọ́kọ́ fi ètò kọ̀wé rí kí ó tó tú ìtàn sílẹ̀ kí ó máa rìn fúnra rẹ̀.

Abẹ́òkúta ni a bí i sí ní 1920. Ó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó sì bá àwọn ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Lẹ́yìn ogun, ó di ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Èkó. Ìjókòó àti ìdúródeni ni ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àkókò náà ni ó sì fi ń kọ̀wé.

Ìwé gígùn àkọ́kọ́ tí ó kọ ni The Wild Hunter in the Bush of the Ghosts. Ó fi í ránṣẹ́ ní 1948 sí Focal Press ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn tí ń tẹ ìwé nípa fọ́tò yíyà, nítorí ó ti ṣèlérí fọ́tò iwin fún wọn. Àwòrán tí a fi ọwọ́ yà ni a wá ya fọ́tò rẹ̀! Títí di 1982 ni a kò tẹ ìwé náà. Ètò rẹ̀ hàn gbangba: ọdẹ náà dé ìlú iwin kìíní, ó dé ìkejì, ó dé ìkẹta, ó dé ìkẹrin, bí ẹni tí ń ka ibùdó ọkọ̀ ojú irin, kí ó tó dé ọ̀run.

Nígbà tí ó kan The Palm-Wine Drinkard, ó yí ọwọ́ padà. Òun fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ méjì ni òun fi kọ ọ́, kí òun tó fi nǹkan bí oṣù mẹ́ta fẹ̀ ẹ́ lójú. Ìpolówó ẹgbẹ́ kan tí ń tẹ ìwé Kristẹni ni ó rí tí ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí wọn. Àwọn ni wọ́n fà á lé Faber and Faber lọ́wọ́, tí a fi tẹ̀ ẹ́ ní 1952. Nínú ìwé yìí, ibi tí à ń lọ nìkan ni a mọ̀, èyíinì ni ìlú àwọn òkú, níbi tí ẹlẹ́mu tí ó kú wà. Ohun tí yóò pàdé wa lọ́nà, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Ǹjẹ́ èyí ha jẹ́ àìronú bí? Ẹ wo ọ̀rọ̀ ikú àti ẹ̀rù. Kí ọ̀mùtí àti aya rẹ̀ tó wọ inú igi funfun, wọ́n ta ikú wọn ní £70, ṣílè 18 àti kọ́bọ̀ 6, wọ́n sì yá ènìyàn ní ẹ̀rù wọn, kí ó máa san £3 àti ṣílè 10 lóṣooṣù. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n gba ẹ̀rù wọn padà pẹ̀lú èlé, ṣùgbọ́n ikú tí a ti tà kò ṣe é gbà mọ́. Láti ìgbà náà lọ, ọ̀mùtí kò lè kú, síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà á, Tutùọlá kò sì gbàgbé èyí nígbà tí wọ́n dé ìlú àwọn ènìyàn pupa. Ẹni tí ń kọ wótowòto kì í pa gbèsè ìtàn mọ́ báyìí. Ọgbọ́n apàlọ́ ni: kì í fa ìlà kí ó tó jókòó sábẹ́ òṣùpá, ṣùgbọ́n ohun tí ó bá ti sọ, ó ti di tirẹ̀ láti ru.

Àwọn ọ̀mọ̀wé wa kò rí i bẹ́ẹ̀. Ní 1954, lẹ́tà jáde nínú ìwé ìròyìn West Africa tí ń bu ẹnu àtẹ́ lu Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, tí ó sì ń sọ pé Fágúnwà ni ó wò kọ. Tutùọlá náà ń lọ sí iléèwé alẹ́, nítorí ó fẹ́ di òǹkọ̀wé gidi. Nígbà tí Simbi and the Satyr of the Dark Jungle jáde ní 1955, orí tí a fi nọ́ńbà sí ti dé, ìtàn náà sì ń rìn létòlétò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní tèmi, ó mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n ìyàlẹ́nu rẹ̀ dín kù. Nígbà tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá sì ń wá ìtàn tí yóò gbé sórí ìtàgé ní Ìbàdàn ní 1963, ti ọ̀mùtí ni ó mú.