Dípúlómà Ló Ṣáájú Dígírì

Ìtàn ni mo kọ́kọ́ kà ní yunifásítì. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan lẹ́nu iṣẹ́ ní Àbújá ni mo tó padà sídìí ìwé, tí mo sì gba PGD nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí IT. Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń bi mí pé ṣé ìwé ẹ̀rí gidi nìyẹn, àbí èyí tí wọ́n fi ń lẹ aṣọ tó ya. Àwọn tó ní HND kí wọ́n tó ṣe é ń gbọ́ tiwọn lọ́tọ̀: wọ́n ní ọ̀nà ẹ̀bùrú ni wọ́n gbà dé yunifásítì. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ìtàn ni mo kọ́kọ́ kọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn dá wọn lóhùn.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1949, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ EDSAC bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Yunifásítì Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Maurice Wilkes ló ṣáájú àwọn tó ṣe é. Àwọn onímọ̀ láti oríṣiríṣi ẹ̀ka gbé ìṣirò tó ta kókó wá síbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ bí a ṣe ń pàṣẹ fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ní 1953, yunifásítì náà dá ẹ̀kọ́ ọlọ́dún kan sílẹ̀ fún àwọn tó ti gba dígírì. Dípúlómà ni wọ́n pè é. Òun ni wọ́n kà sí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ lágbàáyé tí yunifásítì ń fún èèyàn ní ìwé ẹ̀rí lé lórí. Ọdún 1962 ni Yunifásítì Purdue, ní Amẹ́ríkà, tó dá ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà tirẹ̀ sílẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ lórílẹ̀-èdè yẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń pe PGD ní àbúrò dígírì kọ̀ǹpútà, ẹ̀gbọ́n ló ń pè ní àbúrò.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòro. Nígbà tí ìmọ̀ kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kò sẹ́ni tí wọ́n bí sínú rẹ̀. Láti ibòmíràn ni gbogbo èèyàn ti máa ń wá.

Bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa náà nìyẹn. Ètò ìkànìyàn ọdún 1962 sí 1963 ni wọ́n ní ó gbé kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ wọ Nàìjíríà. Ní 1963 kan náà, ilé-iṣẹ́ IBM ṣí ibùdó ẹ̀kọ́ fún Áfíríkà sí Yunifásítì Ìbàdàn. Kò sí ọmọ Nàìjíríà tó lè gba dígírì kọ̀ǹpútà nílé nígbà náà, torí kò tíì sí yunifásítì wa kan tó ń fúnni.

Ní oṣù keje ọdún 1983, nígbà ìjọba Shehu Shagari, ìjọba àpapọ̀ dá yunifásítì kan sílẹ̀ fún àwọn tí kò lè fi iṣẹ́ tàbí ọmọ sílẹ̀ lọ jókòó sí kíláàsì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Afolabi Ojo ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ológun gbàjọba. Ní oṣù kẹrin ọdún 1984, ìjọba Muhammadu Buhari ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Wọ́n ní ohun èlò tí yóò mú un dúró kò sí nílẹ̀. Ọdún méjìdínlógún ni ilẹ̀kùn náà fi wà ní títì.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún méjìdínlógún yẹn. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì gba ipò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ́fíìsì. Ní 1991, ìkànnì ayélujára bọ́ sí gbangba. Ní 2001, fóònù GSM dé Nàìjíríà. Àsìkò tí ayé ń yí lórí kọ̀ǹpútà gan-an ni ìjọba wa kò ní yunifásítì kankan tó dá sílẹ̀ fún àgbà tó fẹ́ kọ́ ọ láti ilé. Kí ni wọ́n ṣe? Láti Kano dé Enugu, wọ́n sanwó ní ṣọ́ọ̀bù tó ní kọ̀ǹpútà mélòó kan àti jẹnẹrétọ̀, wọ́n kọ́ DOS àti WordPerfect, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí oṣù mẹ́ta tí ọ̀gá iṣẹ́ kan lè má kà sí. Mi ò bú àwọn ṣọ́ọ̀bù yẹn o. Àwọn ló bá wa di àlàfo náà.

Ní 2002, Ààrẹ Olusegun Obasanjo ṣí yunifásítì náà padà; òun la mọ̀ sí NOUN lónìí, PGD nínú IT sì wà lára ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́jáde NOUN kò lè ṣe agùnbánirọ̀, kò sì lè wọ ilé-ẹ̀kọ́ òfin, títí di oṣù Kejìlá ọdún 2018 tí Ààrẹ fọwọ́ sí àtúnṣe òfin náà. Ta ni Ààrẹ ọ̀hún? Muhammadu Buhari ni. Ọwọ́ tó ti ilẹ̀kùn ní 1984 ló tún fẹ̀ ẹ́ ní 2018.

Ti àwọn tó ní HND ṣì kù. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà fọwọ́ sí àbádòfin lòdì sí ìyàtọ̀ HND àti dígírì ní 2021, àmọ́ ọ̀pọ̀ yunifásítì ṣì ń sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe PGD kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ másítà. Níbí ni ìwé ẹ̀rí náà ti bà jẹ́ lójú aráyé. Ohun tí wọ́n dá sílẹ̀ láti fi kọ́ni ní ìmọ̀ tuntun ti di owó oníbodè.

Àwọn tó ń bu ẹnu àtẹ́ lu PGD ní àríwísí kan tí mo gbà: níbòmíràn, ìwé pẹlẹbẹ lásán ni akẹ́kọ̀ọ́ ń há sórí, tí yóò sì parí láì kọ ètò kan tó ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi orúkọ rẹ̀. Ẹ gbé ẹ̀rọ àti olùkọ́ tó mọṣẹ́ síbẹ̀. Ẹ má fi tipátipá ti ẹni tó ti mọ iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀ sínú rẹ̀. Kí ọ̀gá iṣẹ́ náà ju ìwé ẹ̀rí sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó gbé iṣẹ́ síwájú ẹni tó wá wáṣẹ́, kó wo ohun tó lè ṣe. Ọ̀pọ̀ àgbà lórílẹ̀-èdè yìí ni kò ní ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè gbà wọlé, wọ́n sì ti dúró síta pẹ́ jù.