Àwòrán Tí Ó Ń Sọ Àsìkò: Bí Ìṣesí Ẹ̀rọ Ṣe Di Ohun Tí Ojú Lè Kà

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ìyàtọ̀ láàrin 'ó ń lọ', 'ó ti lọ' àti 'yóò lọ'. Ọ̀rọ̀ kékeré tí ó ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó gbé àsìkò àti ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ dání. Irú ọ̀rọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ ni Arthur Prior, ọmọ New Zealand, wá fún lọ́jíìkì nínú ìwé rẹ̀, Time and Modality, tí ó jáde ní 1957. Ní 1968, Hans Kamp fi 'láti ìgbà tí' àti 'títí' kún un. Ní 1977 ni Amir Pnueli, ọmọ Ísírẹ́lì, wá fi hàn pé a lè fi lọ́jíìkì àsìkò yẹ ètò kọ̀ǹpútà wò: ǹjẹ́ ohun búburú kan kò ní í ṣẹlẹ̀ láéláé? Ǹjẹ́ ẹni tí ó bèèrè yóò rí ìdáhùn gbà nígbẹ̀yìn?

Ṣùgbọ́n àmì lọ́jíìkì kì í yé ẹni tí kò kọ́ ọ. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀rọ gbójú lé àwòrán irú èyí tí ó bá iṣẹ́ George Mealy (1955) àti Edward Moore (1956) mu: òbìrìkìtì kan fún ipò kọ̀ọ̀kan, ọfà láti ipò kan sí òmíràn. Àléébù rẹ̀ ni pé a máa wú. Bí ẹ̀rọ kan bá ní apá mẹ́ta, tí apá kọ̀ọ̀kan sì lè wà ní ipò 10, òbìrìkìtì 1,000 ni a ó yà. Ta ni yóò kà á?

Ìṣòro yìí ni David Harel bá pàdé ní 1983, nígbà tí ó ń gba àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú ogun Lavi ní Ísírẹ́lì nímọ̀ràn. Ògbóǹtarìgì ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n kọ nípa ìṣesí ọkọ̀ náà pọ̀ rẹpẹtẹ, àlàyé rẹ̀ sì fọ́n káàkiri. Ọ̀nà méjì ni Harel gbà tún àwòrán ṣe. Èkíní, ó fi ipò sínú ipò, bí yàrá ti wà nínú agbo ilé: ọfà kan láti ara ògiri agbo ilé dúró fún gbogbo yàrá inú rẹ̀. Èkejì, ó fi ìlà pín àwọn apá tí ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. 1,000 sì di 30.

Harel ròyìn pé awakọ̀ òfuurufú ogun kan wọlé lọ́jọ́ kan, wọ́n ṣe àlàyé ráńpẹ́ fún un, ó wo pátákó ìkọ̀wé fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, ó sì tọ́ka sí ọfà kan tí kò lọ síbi tí ó yẹ. Òótọ́ ni ó sọ. Ní 1987 ni Harel tẹ iṣẹ́ náà jáde, ọdún náà gan-an ni wọ́n pa ètò Lavi tì. Ṣùgbọ́n àwòrán náà kò kú. Ní 1997, ó wọ inú ìlànà UML.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé pé àwòrán nìkan kò tó: àwọn onímọ̀ kan náà ka àwòrán Harel sí oríṣiríṣi ìtumọ̀, lọ́jíìkì ni ó sì ń là wọ́n níjà. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ awakọ̀ yẹn kò ṣeé gbójú fò: ìmọ̀ tí kò yé ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ so mọ́ ọn kò tíì parí.