Àmì Omi Lórí Mars

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè mú ọ̀pọ̀ ọlọ́gbọ́n ṣìnà. Ní ọdún 1877, Giovanni Schiaparelli, ará Ítálì, fi awò awọ̀nàjíjìn wo Mars, pílánẹ́ẹ̀tì pupa nì, ó sì rí àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó pè ní canali. Ní èdè tirẹ̀, ọ̀rọ̀ náà lè jẹ́ ipa odò lásán. Ṣùgbọ́n ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sọ ọ́ di odò tí a fi ọwọ́ gbẹ́. Bí odò bá sì jẹ́ gbígbẹ́, ẹni tí ó gbẹ́ ẹ ńkọ́? Percival Lowell, ará Amẹ́ríkà, tilẹ̀ kọ̀wé pé àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀dá ni.

Ní 1965, àwòrán tí ọkọ̀ Mariner 4 yà kò fi odò kankan hàn. Síbẹ̀, Mariner 9, tí ó dé ibẹ̀ ní 1971, rí àwọn àfonífojì tí omi ti là láyé àtijọ́.

Ní 2011, àwọn onímọ̀ kéde àwọn ìlà dúdú tí ń gùn sí i lára òkè nígbà ooru, tí wọ́n sì ń parẹ́ nígbà òtútù. Ní 2015, wọ́n ní àmì iyọ̀ tí ó fa omi mọ́ra wà níbẹ̀. Ìròyìn sì tàn pé omi ń ṣàn lórí Mars. Ṣùgbọ́n ìwádìí 2017 fi hàn pé kìkì ibi tí òkè ti dà gẹ̀rẹ́ púpọ̀, tí iyanrìn gbígbẹ lè ya lulẹ̀, ni àwọn ìlà náà mọ. Omi ì bá ṣàn dé ibi tí ó tẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọ wa láti kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú wọn rí, kí wọn tó sọ ìtumọ̀ rẹ̀.