Oníná Orí Ìtàgé: Ìtàn, Ẹ̀kọ́ àti Ààbò nínú Eré Oníṣe Yorùbá

Bí ẹnikẹ́ni bá ń béèrè ohun tí ó kan olùkọ́ lítíréṣọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wáyà àti gílóòbù, èsì mi kò ṣòro. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ni ní eré oníṣe Yorùbá. A ti kọ ìwé lórí òǹkọ̀wé, a ti kọ lórí òṣèré, a ti kọ lórí orin àti ìlù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó tan iná tí a fi rí gbogbo wọn, a kò kọ ìtàn rẹ̀. Ìtàn náà ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí wà nínú rẹ̀.

Láti orí ìtùfù dé orí jẹnẹrétọ̀

Kí ẹ̀rọ tó dé, eré wa kò ṣàìní ìmọ́lẹ̀. Ojúmọmọ ni eégún aláré, tí a tún ń pè ní alárìnjó, sábà máa ń ṣe eré tirẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, òṣùpá, ìtùfù àti fìtílà elépo ni a fi ń ríran. Lẹ́yìn náà ni àtùpà onígáàsì dé. Ewu wà nínú wọn, ṣùgbọ́n ewu tí ojú ń rí ni. Kò sí ọmọdé tí kò mọ̀ pé ìtùfù ń jóni.

Ọ̀tọ̀ ni ti iná mànàmáná. Wáyà tí iná wà nínú rẹ̀ àti èyí tí iná kò sí nínú rẹ̀, bákan náà ni wọ́n rí lójú. Ọdún 1896 ni iná yìí dé Èkó. Nítorí náà, nígbà tí Hubert Ògúndé, ọmọ Òsósà, gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Glover Memorial Hall ní Èkó ní ọdún 1944, ìlú tí ó ti mọ iná ni ó ti ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun, Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládípọ̀ àti àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn ń gbé eré kiri, ọ̀pọ̀ ìlú tí wọ́n dé ni kò ní iná. Ó wá di dandan kí ẹgbẹ́ eré máa gbé jẹnẹrétọ̀ dání. Bí iṣẹ́ oníná orí ìtàgé ṣe bẹ̀rẹ̀ láàrin wa nìyẹn.

Ta ni ó kọ́ ọ ní iṣẹ́? Àwọn díẹ̀ rí ilé-ẹ̀kọ́. Ní àárín ọdún 1962 sí 1963, Ògúnmọ́lá lo oṣù mẹ́fà ní Ilé-ẹ̀kọ́ Eré Oníṣe ti Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí a ti ṣí gbọ̀ngàn Arts Theatre ní ọdún 1955. Dexter Lyndersay, ọmọ Trinidad, náà kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ní iṣẹ́ ẹ̀yìn ìtàgé. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó pọ̀ jù lọ, ẹ̀yìn ọ̀gá ni wọ́n dúró sí tí wọ́n ń wò ó.

Ẹ fi èyí wé ohun tí ó wà nítòsí wa. Ní ọdún 1960 ni ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ewékorò. Òfin Ilé-iṣẹ́, tí a tún ṣe ní ọdún 1987, ń wo ojú irú ibi bẹ́ẹ̀: ó ní ohun tí agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe kí ẹ̀rọ má baà pa òṣìṣẹ́. Ẹgbẹ́ eré tí ó ń ti Èkó bọ̀ ní Abẹ́òkúta ń gba iwájú ilé-iṣẹ́ yìí kọjá. Bí ó bá ta wáyà sí pápá ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìrọ̀lẹ́, ta ni ń bojú wò ó?

Ìṣirò tí kò ṣòro

Gílóòbù orí ìtàgé kan lè jẹ́ 1,000 watt. Lórí iná 240 volt tí a ti mọ̀ tipẹ́ ní ilẹ̀ yìí, yóò fa amp 4 ó lé díẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì amp 13 lè gbé irú rẹ̀ mẹ́ta. Bí a bá fi ẹ̀kẹrin kún un, ẹrù ti wọ ẹlẹ́rù lọ́rùn. Fíyúùsì ni ẹ̀ṣọ́ tí ó yẹ kí ó já lákòókò náà. Mo ti dé ẹ̀yìn ìtàgé gbọ̀ngàn kan tí wọ́n ti yọ fíyúùsì, tí wọ́n sì fi wáyà bàbà dí ipò rẹ̀, kí eré má baà dúró. Eré kò dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n wáyà inú ògiri ni yóò máa gbóná títí yóò fi gbiná.

Èyí tí ó kan ara ènìyàn burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ ààbò tí a ṣe láti gba ẹ̀mí là a máa pa iná bí èyí tí ó ń ṣẹ́ bá ti tó ìdá 30 nínú ìdá 1,000 amp kan, nítorí pé ohun tí ó bá jù ú lọ lè da ọkàn rú kí ó má lè lù mọ́. Gílóòbù kan ṣoṣo tí a dárúkọ ń fa ju ìlọ́po 130 iye yìí lọ. Bẹ́ẹ̀ ni òṣèré wa a máa jó láìwọ bàtà lórí ilẹ̀ tí òjò ti rọ̀ sí, tí òógùn ti bo gbogbo ara rẹ̀.

Ohun tí ojú àwọn mìíràn ti rí

Kì í ṣe àwa nìkan. Ní ọdún 1881, ilé eré Savoy ní Lọ́ńdọ̀nù fi iná mànàmáná rọ́pò gáàsì. Olówó ibẹ̀, Richard D'Oyly Carte, fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé gílóòbù tí ó ń tàn, ó fọ́ ọ níwájú àwọn òǹwòran, aṣọ náà kò sì jó. Gbogbo ènìyàn gbà pé iná tí kì í jóni dé. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 1903, iná ta láti ara fìtílà mànàmáná kan sí aṣọ ìkélé ní ilé eré Iroquois ní Chicago. Àwọn tí ó kú lé ní 600. Ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún ọdún 1972, Leslie Harvey, onígìtá, fọwọ́ kan ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní Swansea ní ilẹ̀ Wales, gìtá rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. A kò so ẹ̀rọ náà mọ́ ilẹ̀ bí ó ti yẹ. Orí ìtàgé ni iná ti pa á.

Àwa náà ní ìkìlọ̀ tiwa. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1921, bí Ṣàngó ṣe dán oògùn tí ó fi ń pe àrá wò, tí àrá sì jó ààfin òun fúnra rẹ̀, tìyàwó tọmọ. Ère Ṣàngó yìí náà ni Ben Enwonwu ṣe ní ọdún 1964 fún olú ilé-iṣẹ́ iná ìjọba ní Èkó. A gbé ère náà nàró. N kò rò pé a gbọ́ ìkìlọ̀ inú ìtàn náà.

Ìdánwò ṣáájú àdúrà

Kókó ọ̀rọ̀ mi nìyí. Iná ilé, ẹ̀ẹ̀kan ni a ń fà á, yóò sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Iná ìtàgé, a fà á ní ìrọ̀lẹ́, a tú u ní òru, a tún fà á ní ìlú mìíràn lọ́jọ́ kejì. Ewu tí onílé bá pàdé lẹ́ẹ̀kan, ojoojúmọ́ ni oníná ìtàgé ń pàdé rẹ̀. Òfin ọdún 2015 tí ó dá àjọ NEMSA sílẹ̀ fi í ṣe iṣẹ́ àjọ náà láti yẹ iṣẹ́ iná wò àti láti fún oníná tí ó pegedé ní ìwé-ẹ̀rí. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ iná ilé kò tíì mọ iná ìtàgé tán.

Ìkọ́ṣẹ́ wa kò burú, n kò sì sọ pé kí a pa á tì. Ọmọ-ọ̀ṣẹ́ ń sin ọ̀gá fún ọdún púpọ̀; ní ọjọ́ fíríìdọ́ọ̀mù, ọ̀gá a gbàdúrà fún un, ó di òmìnira. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí ìdánwò ṣáájú àdúrà. Kí ó ṣe ìṣirò ẹrù tí wáyà kan lè gbé. Kí ó fi ẹ̀rọ ìdánwò hàn pé iná ti kúrò kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Kí ó so jẹnẹrétọ̀ mọ́ ilẹ̀ lójú wa. Kí ó sọ ohun tí yóò kọ́kọ́ ṣe bí iná bá gbé ẹnì kan: kì í ṣe kí ó fi ọwọ́ fà á, bí kò ṣe kí ó pa iná.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa olùkọ́ èdè nìyí. Ní ọdún 1984, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde lábẹ́ àbójútó Ayọ̀ Bámgbóṣé, a sì rí ọ̀rọ̀ fi kọ́ gírámà àti lítíréṣọ̀. Oníná tí ó gbọ́ Yorùbá nìkan ń kọ́? Gẹ̀ẹ́sì ni ìlànà ààbò tí ó wà lára ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka èdè àti ẹ̀ka eré oníṣe pe àwọn ọ̀gá oníná jókòó, kí a jọ wá ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ yìí, kí a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé pẹlẹbẹ tí ọmọ-ọ̀ṣẹ́ lè kà. Ẹni tí kò gbọ́ ìkìlọ̀ kò lè pa á mọ́.