Aṣọ Tí Mo Dá fún Ìkànnì Ẹgbẹ́ Wa

Ní ọdún 2012, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa tó wà ní Èkó pè mí, wọ́n ní kí n bá àwọn ṣe ìkànnì kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí èmi ni wọ́n gbà pé ó gbọ́ èdè kọ̀ǹpútà díẹ̀ láàárín wa. Orí mi wú. Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta aṣọ ìkànnì. Orúkọ tí mo fún ohun tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní theme nìyẹn, nítorí aṣọ ni lóòótọ́: òun ló ń sọ bí ọ̀rọ̀ àti àwòrán yóò ṣe rí lójú ẹni tó ń wò ó. Mo yan èyí tó rẹwà jù lójú mi. Àwòrán ńláńlá márùn-ún ló ń yí po lójú ewé àkọ́kọ́ bí ọmọge tó ń jó, àwọ̀ rẹ̀ sì ń tàn yanran. Lọ́jọ́ tí a ṣí i nípàdé, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́.

Kò pé oṣù méjì tí ojú fi tì mí. Orí ìkànnì yẹn la fi fọ́ọ̀mù owó ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ sí fún àwọn ọmọ ìlú wa. Èmi wà ní ọ́fíìsì l'Ékòó níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti ń sáré. Ọmọ tó fẹ́ gba fọ́ọ̀mù wà nílé, fóònù kékeré ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, dátà ìwọ̀nba ló sì rówó rà. Ó tẹ̀ ẹ́, ó ń yí. Ó tún un tẹ̀, ó ń yí. Dátà tán, fọ́ọ̀mù ò jáde. Baba ọmọbìnrin kan pè mí nígbà tí ọjọ́ ti kọjá, ó ní, "Bọ̀dá, ṣé ẹ ò fẹ́ kọ́mọ tiwa náà kàwé ni?" Mi ò rí èsì fún un.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ibi tí aṣọ ìkànnì ti ṣẹ̀ wá. Ìhòòhò ni ìkànnì wáyé. Èyí àkọ́kọ́ tí Tim Berners-Lee gbé jáde ní 1991 ní CERN, ilé ìwádìí tó wà lẹ́bàá ìlú Geneva, ọ̀rọ̀ lásán ni, àti ibi tí èèyàn lè tẹ̀ lọ sí ewé mìíràn. Ní 1994, Håkon Wium Lie, tóun náà ń ṣiṣẹ́ ní CERN, dábàá pé kí a ní ìlànà kan tí yóò máa bójú tó ìmúra nìkan, kí ọ̀rọ̀ wà lọ́tọ̀. Òun àti Bert Bos jọ ṣe é títí tí wọ́n fi gba CSS wọlé ní oṣù Kejìlá ọdún 1996. Ní 2003, Dave Shea fi CSS Zen Garden han ayé bó ṣe dùn tó: ọ̀rọ̀ kan náà ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, aṣọ nìkan ni àwọn oníṣẹ́ ọnà ń pààrọ̀. Ẹni tó bá wò ó á búra pé ìkànnì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ọdún yẹn náà ni Matt Mullenweg àti Mike Little bẹ̀rẹ̀ WordPress. Nígbà tí ẹ̀dà 1.5 rẹ̀ jáde ní oṣù Kejì ọdún 2005, aṣọ kọ̀ọ̀kan ní àpò tirẹ̀: bọ́ tàná, wọ tòní, ọ̀rọ̀ rẹ ò ní sọnù. Kubrick, iṣẹ́ ọwọ́ Michael Heilemann, ni aṣọ tó bá a wá, tòun ti búlúù lórí. Títí tí Twenty Ten fi gba ipò rẹ̀ ní 2010, ó pọ̀ nílùú bí aṣọ ẹbí. Ta ló sì fẹ́ máa wọ aṣọ ẹbí lójoojúmọ́? Ibẹ̀ ni ọjà ti là. ThemeForest ṣí ní 2008, àwọn aránṣọ ń rán, wọ́n ń tà, olúkúlùkù ń fi ọ̀ṣọ́ kún tirẹ̀ kí oníbàárà lè yà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù nínú ìtàn ọjà yìí ni ti TimThumb. Fáìlì kékeré kan ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gé àwòrán sí ìwọ̀n tí ewé fẹ́. Ó wúlò, nítorí náà àwọn aránṣọ ń rán an mọ́ abẹ́ aṣọ, ọ̀pọ̀ oníbàárà ò sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó tún lè lọ mú àwòrán wá láti ìkànnì mélòó kan tí wọ́n fọkàn tán, bíi flickr.com àti blogger.com. Ẹ wá gbọ́ bó ṣe ń dá wọn mọ̀: bó bá ṣáà ti rí orúkọ yẹn níbikíbi nínú àdírẹ́sì, ó parí! Bí ọlọ́dẹ tó ń ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni tó bá ti dárúkọ baálé ilé ni. Olè á fi blogger.com síwájú, á fi orúkọ tirẹ̀ sẹ́yìn, ọlọ́dẹ á ní kó máa wọlé. Ohun tó sì gbé wọlé kì í ṣe àwòrán, àṣẹ tí kọ̀ǹpútà á tẹ̀ lé ni. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, Mark Maunder rí ìpolówó lórí ìkànnì ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ló fi síbẹ̀. Ó tọpa rẹ̀ títí tó fi kan TimThumb, ó kéde rẹ̀ fáyé gbọ́, ó sì tún un kọ. Ṣùgbọ́n àtúnṣe kì í dé inú aṣọ tí ẹni tó rán an ti gbàgbé. Mo tú aṣọ ẹgbẹ́ wa wò. TimThumb ti àtijọ́ ló wà níbẹ̀, ó jókòó jẹ́ẹ́.

Látìgbà náà, ohun tí mo kọ́kọ́ ń wò lára aṣọ kì í ṣe ẹwà, ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn ni. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń wo ẹrù tó rù. Láti 2010 ni Google ti kéde pé yíyára ìkànnì wà lára ohun táwọn fi ń tò ó nínú àwárí, wọ́n sì fẹ́ kí ohun tó tóbi jù lójú ewé hàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2.5. Èmi ò tiẹ̀ dúró de Google. Fóònù tó kéré jù nínú ilé ni mo fi ń dán an wò, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti ń kọsẹ̀. Àwọn kan á ní kí n kúkú wá nǹkan míì fi kún un tí á mú un yára. Ẹni tó wọ agbádá mẹ́ta tí kò lè sáré, ṣé bàtà ló kù ká rà fún un? Ẹ jẹ́ kó bọ́ méjì.

Ní 2013, mo bọ́ aṣọ ẹgbẹ́ wa, mo fi Twenty Twelve tí àwọn WordPress fúnra wọn ṣe rọ́pò rẹ̀, funfun báláú, àwòrán kan péré. Nígbà tí fọ́ọ̀mù jáde lọ́dún yẹn, ọmọbìnrin yẹn rí tirẹ̀ gbà lórí fóònù kékeré kan náà. Alága wa nìkan ni inú rẹ̀ ò dùn. Ó fà mí sẹ́yìn lẹ́yìn ìpàdé, ó ní, "Àwọn àwòrán tó ń jó yẹn ńkọ́? Ṣebí a sanwó wọn?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ó ti rẹ̀ wọ́n ni, wọ́n ń sinmi nílé."